Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí mo ṣe ń fi kámẹ́rà àti iná mẹ́ta kó nẹ́gẹ́tíìfù aláwọ̀ wọ kọ̀ǹpútà nílé

Páálí kan wà lọ́dọ̀ mi tó kún fún nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn fọ́tò ti yí padà lórí rẹ̀, tí ìyá mi kó pa mọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n gé wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ọ̀rá. Àwọn fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ lára wọn ti ṣí, àwọn kan ti sọnù pátápátá. Ẹyọ kan péré ni àwọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé gbára lé, nítorí pé inú ìwé ló wà láti ìgbà yẹn tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn án. Nẹ́gẹ́tíìfù yìí ni ojúlówó, ẹ̀dà rẹ̀ ni fọ́tò orí bébà. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà kó tó pẹ́ jù, kí àwọ̀ tó máa jáde sì jẹ́ èyí tí fíìmù náà gbà sínú lóòótọ́.

Skánà pẹlẹbẹ

Ẹ̀rọ skánà pẹlẹbẹ ni mo kọ́kọ́ lò, irú èyí tó ní iná nínú ìdérí rẹ̀ fún fíìmù. Ó ṣiṣẹ́, kò sì le. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to fọ́tò méjìlá àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, ọkàn mi ò balẹ̀. Méjì nínú wọn tẹ̀lé ara wọn lórí fíìmù kan náà. Abẹ́ òòrùn kan náà, iwájú ògiri kan náà ni wọ́n ti yà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n jáde bí ọmọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ògiri funfun inú èkínní ń pọ́n díẹ̀, ti èkejì ń ṣe bí ewé.

Ohun tó fà á ni pé sọ́fítíwíà skánà náà ń wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó ń wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù àti ibi tó ṣókùnkùn jù nínú ìkànnì pupa, ti ewé àti ti búlúù (àwọ̀ mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà fi ń to fọ́tò), á wá na ọ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn á fi bára dọ́gba. Bí ẹni tó wọ aṣọ pupa bá gba ìdajì fọ́tò, yóò gbà pé pupa ti pọ̀ jù, á sì bu pupa kúrò lára ògiri àti lára awọ ènìyàn. Ó ń méfò àwọ̀ ni, kò kà á. Kíkà ni mo fẹ́. Fíìmù kan náà, tí wọ́n fọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kó gba ìtọ́jú kan náà láti fọ́tò kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn.

Nítorí náà mo gbé skánà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì mú kámẹ́rà.

Kí n tó fọwọ́ kan páálí ìyá mi mọ́, mo ki fíìmù tuntun kan sínú kámẹ́rà àtijọ́, mo sì ya àwọn nǹkan tí mo mọ àwọ̀ wọn: káàdì àwọ̀ eérú, ewé tútù, ìdérí ike pupa kan, àti ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo ya káàdì eérú náà lẹ́ẹ̀márùn-ún: ẹ̀ẹ̀kan ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ, ẹ̀ẹ̀mejì kí ìmọ́lẹ̀ dín, ẹ̀ẹ̀mejì kó lé. Ìlànà C-41 ni wọ́n fi fọ fíìmù náà, ìlànà tí Kodak gbé jáde lọ́dún 1972 tí wọ́n ṣì ń fi fọ fíìmù aláwọ̀ káàkiri ayé. Fíìmù ìdánwò yìí wúlò ju gbogbo irinṣẹ́ tó kù lọ. Bí káàdì eérú ò bá jáde ní eérú, n kò ní máa bá ara mi jiyàn.

Òpó, iná, àti ibi tí fíìmù máa dùbúlẹ̀ sí

Mo ní òpó ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn nígbà kan rí, orí ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ ṣì dúró gírígírí. Mo yọ orí rẹ̀, mo fi ìdè kámẹ́rà rọ́pò. Kámẹ́rà ń wo ìsàlẹ̀, iná wà nísàlẹ̀, fíìmù wà láàárín.

Lẹ́ńsì 50 mm ni mo kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú àwọn òrùka aláìní gíláàsì tí a ń tò sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kó lè wo nǹkan láti itòsí. Kí fíìmù tó lè gba ojú kámẹ́rà (ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀) ní ìwọ̀n ara rẹ̀ gan-an, ìyẹn kí milimítà kan fíìmù bọ́ sórí milimítà kan ojú kámẹ́rà, òrùka tó gùn tó 50 mm ni lẹ́ńsì 50 mm nílò. Ó ṣe é, àmọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò ò dán. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí lẹ́ńsì makro gidi, irú tí wọ́n ṣe fún wíwo nǹkan láti itòsí, igun sì dán. Fọ́tò ara fíìmù jẹ́ 24 mm sí 36 mm. Kámẹ́rà mi ní ẹyọ àmì (pixel) 6000 ní gígùn, nítorí náà ẹyọ 166 ló ń bọ́ sórí milimítà kọ̀ọ̀kan, ó ju 4,200 lọ nínú íǹṣì kan. Mo ti rí hóró fíìmù kedere ní ìwọ̀n yìí, n kò sì rí ìdí láti lépa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú lẹ́ńsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, f/8 ni mo fi sí; bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe ń kéré tó. Ẹni tó bá fẹ́ pa ojú náà dé ju bẹ́ẹ̀ lọ kó rántí pé ní ìtòsí báyìí, f/8 ń hùwà bíi f/16, ìmọ́lẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í túká létí ihò kékeré. Mo dán f/16 wò, ó sì rọ̀ lójú.

Ibi ìdúró fíìmù ló fún mi níṣẹ́ jù. Fíìmù tó ti ká fún ọgbọ̀n ọdún kì í fẹ́ tẹ́jú. Mo fi í sáàárín gíláàsì méjì, ó tẹ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òrùka aláràbarà bí òṣùmàrè yọ sí ojú ọ̀run nínú fọ́tò. Àwọn òrùka Newton nìyẹn: bí ara fíìmù tó ń dán bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láàárín àwọn méjèèjì á máa kọlu ara rẹ̀. Mo gbé gíláàsì kúrò. Páálí dúdú mẹ́ta tí mo lẹ̀ pọ̀ ni mo wá lò, mo gé ihò tóóró sí àárín rẹ̀ tí fíìmù lè rá gbà, tó di etí rẹ̀ méjèèjì mú lókè àti nísàlẹ̀, tí nǹkan kan ò sì kan àárín rẹ̀. Àwọn tó bá ká jù, mo tẹ̀ wọ́n sábẹ́ ìwé wúwo fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀rá wọn.

Ihò etí fíìmù náà ní ewu tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò bá àwọ̀ kankan pàdé, ó ń lọ tààrà sínú lẹ́ńsì, á sì máa ta sórí fọ́tò bí èéfín. Mo fi bébà dúdú bo gbogbo ibi tí kì í ṣe fọ́tò, mo sì pa iná yàrá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀: ibi tó nípọn lórí fíìmù, ìyẹn ibi tó mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò tó máa jáde, ṣe kedere sí i.

Pátákó iná LED funfun ni mo lò níbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó fi àwọ̀ nǹkan hàn dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbé fíìmù lé e lórí tààrà, gbogbo eruku ara ike rẹ̀ sì bá fọ́tò jáde. Mo gbé fíìmù sókè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ó parí. Ohun kejì tó yọ mí lẹ́nu ni ìlà dúdú àti ìlà mímọ́ tó ń tẹ̀lé ara wọn nínú fọ́tò nígbà tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń padé nínú kámẹ́rà, bá yára. Iná LED tí a bá dín kù máa ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́, ojú wa ni kì í rí i. Mo tan iná náà dé òpin, mo mú kí ṣọ́tà lọ́ra, ìlà náà sì lọ.

Kí fíìmù àti ojú kámẹ́rà lè dọ́gba, dígí ìwojú ni mo fi ṣe é. Gbé dígí náà sí ibi tí fíìmù máa wà, kí o wo inú kámẹ́rà: lẹ́ńsì á rí ara rẹ̀. Bí àwòrán ihò lẹ́ńsì bá bọ́ sí àárín gbùngbùn, ó ti dọ́gba. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì péye ju irin ìwọ̀n olómi tí mo fi ń tiraka tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹni wà lábẹ́ omi

Mo ya káàdì eérú, mo gbé fáìlì RAW, ohun tí kámẹ́rà rí láìtíì tún un ṣe, sí kọ̀ǹpútà, mo yí i padà kí dúdú di funfun. Gbogbo nǹkan di búlúù. Ọwọ́ mi rí bí ọwọ́ ẹni tó wà lábẹ́ omi. Kò yani lẹ́nu: ara fíìmù ní àwọ̀ ọsàn, òdìkejì ọsàn sì ni búlúù.

Ohun tó wá sọ́kàn mi, tó sì máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni pé kí n yọ àwọ̀ ọsàn yẹn kúrò. Mo wọn ibi tí kò sí fọ́tò lára fíìmù, mo yọ iye rẹ̀ kúrò lára ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún yí i padà. Káàdì eérú tí mo yà ní ìwọ̀n tó yẹ jáde ní eérú. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo wo mẹ́rin tó kù. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dín ń ṣe búlúù, èyí tó lé ń pọ́n rúsúrúsú. Mo tún un ṣe níbi òkùnkùn, ó bàjẹ́ níbi ìmọ́lẹ̀. Mo tún ti ìmọ́lẹ̀ ṣe, àárín yẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí eléyìí, n kò sì rí ojútùú, nítorí n kò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi fi àwọ̀ ọsàn náà síbẹ̀.

Ìdí tí àwọ̀ ọsàn fi wà níbẹ̀

Fíìmù aláwọ̀ ní ìpele mẹ́ta pàtàkì. Ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, ọ̀kan ń gba ti ewé, ọ̀kan ń gba ti pupa. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, aró yóò hù nínú ìpele kọ̀ọ̀kan: aró yẹ́lò tó ń dá búlúù dúró, aró màjẹ́ńtà (pupa tó ń ṣe bí elésè àlùkò) tó ń dá ewé dúró, aró sáyánì (búlúù tó ń ṣe bí ewé) tó ń dá pupa dúró. Ìbá dára bí aró kọ̀ọ̀kan bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màjẹ́ńtà máa ń dá búlúù díẹ̀ dúró pẹ̀lú ewé, sáyánì sì máa ń fọwọ́ kan ewé àti búlúù. Bí a bá fi fíìmù bẹ́ẹ̀ tẹ fọ́tò, àwọ̀ á dàpọ̀ mọ́ra, á ṣú.

Wesley T. Hanson, onímọ̀ kẹ́míkà ní Kodak, ló rí ọ̀nà àbáyọ láàárín ọdún 1940 sí 1950, ọ̀nà náà sì jọ mí lójú títí di òní. Ohun tí aró ń ti ara rẹ̀ hù ni wọ́n fún ní àwọ̀ tirẹ̀. Nínú ìpele màjẹ́ńtà, ohun ìpilẹ̀ aró náà jẹ́ yẹ́lò. Ibi tí màjẹ́ńtà bá ti hù, yẹ́lò yẹn á parẹ́ ní ìwọ̀n bí màjẹ́ńtà ṣe hù tó. Ibi tí kò bá ti hù, yẹ́lò wà níbẹ̀. Nítorí náà, yálà màjẹ́ńtà wà tàbí kò sí, iye búlúù tí ìpele yẹn ń dá dúró kò yí padà. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún sáyánì, pẹ̀lú ohun ìpilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀. Àpapọ̀ yẹ́lò àti pupa tó ṣẹ́ kù yìí ni ojú wa ń rí bí ọsàn.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àléébù aró ti di ohun kan náà káàkiri gbogbo fíìmù, bí ẹni pé a na gíláàsì aláwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀. Bí gíláàsì bá gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ láàyè, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni yóò gbà láàyè níbi tó mọ́lẹ̀ àti níbi tó ṣókùnkùn. Ìlọ́po ni iṣẹ́ gíláàsì. Ohun tí a fi ìlọ́po ṣe, pínpín ló ń tú u. Èmi sì ti ń fi yíyọ tú u.

Pínpín

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú iye ìkànnì kọ̀ọ̀kan, mo fi iye ibi òfìfo ara fíìmù náà pín in. Ibi òfìfo di 1 nínú pupa, nínú ewé, nínú búlúù. Ọsàn lọ láìsí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ kejì ni yíyí padà, òun náà kì í ṣe yíyọ láti inú 1. Fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù máa ń fún ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ pọ̀, kó lè gba òòrùn àti òjìji pọ̀ láìfọ́. Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ náà wà ní nǹkan bíi 0.6. Bí ìmọ́lẹ̀ ibi tí a yà bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ara fíìmù kọjá kì í dín sí ìdajì, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ń kù. Kí a tó lè dá a padà sí bó ṣe wà, a ní láti fi iye náà pín 1, kí a sì gbé èsì náà sí agbára 1/0.6, ìyẹn nǹkan bíi 1.67.

Mo ṣe é fún káàdì márààrún. Márààrún jáde ní eérú. Mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo rìn yí yàrá po, mo padà wá wò wọ́n. Wọ́n ṣì jẹ́ eérú. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù nìkan ló ṣì pọ́n díẹ̀, nítorí pé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fún ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà gan-an. Mo fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn kéré, pípọ́n náà sì lọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ lè lo darktable, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ negadoctor láti ẹ̀dà 3.2 tó jáde lọ́dún 2020. Ó ń ní kí o fi ibi òfìfo fíìmù han òun, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tí mo sọ yìí. Òun ni mo ń lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báyìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé mo ń wọn ibi òfìfo lẹ́ẹ̀kan fún fíìmù kan, mo sì ń fi ètò kan náà lé gbogbo fọ́tò fíìmù náà lórí. Àwọn ọmọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ìjọ́sí ti di ìbejì.

Pínpín yìí tún wúlò níbòmíràn. Pátákó iná mi mọ́lẹ̀ láàárín ju etí lọ. Mo ya iná náà lásán láìsí fíìmù, mo sì ń fi fọ́tò yẹn pín gbogbo fọ́tò tó kù, igun tó ń ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú àárín.

Iná mẹ́ta

Ó yẹ kí iṣẹ́ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí ike pupa yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Eérú jáde dáadáa, ewé dára, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n pupa ike náà ṣú, ó sì ń pọ́n bí àwọ̀ bíríkì.

Nǹkan méjì ni mo rí nígbà tí mo yẹ fáìlì RAW wò. Èkínní, ìkànnì búlúù kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti pupa, nítorí ọsàn ara fíìmù ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá gbé e sókè kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, hóró rẹ̀ náà ń gbé sókè. Èkejì ló burú jù: ojú kámẹ́rà wà fún wíwo ayé bí ojú ènìyàn ṣe ń wò ó, ìkànnì rẹ̀ sì ń wọ inú ara wọn. Ìkànnì ewé ń rí pupa díẹ̀, ti pupa ń rí ewé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ènìyàn ni wọ́n ṣe nẹ́gẹ́tíìfù fún. Bébà ìtẹ̀fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bébà yẹn sì jìnnà síra: kálukú ń ka aró tirẹ̀. Iná funfun àti kámẹ́rà ń da ohun tí Hanson fara balẹ̀ yà sọ́tọ̀ pọ̀.

Bí kámẹ́rà ò bá lè yà wọ́n, iná lè yà wọ́n. Mo kàn àpótí kékeré kan, mo kun inú rẹ̀ ní funfun gbòò, mo to LED pupa, ti ewé àti ti búlúù sísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi ike funfun bò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì tirẹ̀. Fún fọ́tò kan, mo ń ya ẹ̀ẹ̀mẹta: pupa nìkan, ewé nìkan, búlúù nìkan. Nínú èyí tí mo fi iná pupa yà, ìkànnì pupa nìkan ni mo ń mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn yòókù. Àǹfààní tó tẹ̀lé e ni pé mo lè fún búlúù ní àkókò tó pọ̀ tó bó ṣe fẹ́, kó kún dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, láìní ká gbé e sókè lẹ́yìn náà.

LED pupa àkọ́kọ́ tí mo lò jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀, tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 625 nm (nanomítà). Pupa ike náà sàn díẹ̀, kò tíì dára. Ibi tí aró sáyánì ti ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró jù lọ wà jìnnà sí i nínú pupa, tó sún mọ́ 700 nm. Ní 625, màjẹ́ńtà ṣì ń dí ọ̀nà díẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí LED 660 nm, irú tí wọ́n ń lò lára iná tí wọ́n fi ń hu irúgbìn nínú ilé. Ìyẹn ló ṣe é. Ike náà jáde ní pupa tó tàn, ọwọ́ mi sì ní ìpọ́n díẹ̀ tó wà ní oríkèé ìka àti dúdú tó wà láàárín wọn, àwọ̀ méjì tí iná funfun ti lọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan.

Ó ní ohun tó ń ná ni. Gíláàsì tó wà níwájú ojú kámẹ́rà láti dá ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa dúró ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 660, nítorí náà ṣọ́tà fún pupa di 1/4 ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí ewé àti búlúù ń lo 1/15. Lẹ́ńsì pẹ̀lú kì í tẹ búlúù àti pupa sí ìwọ̀n kan náà gan-an: létí fọ́tò, búlúù fi bí ẹyọ àmì méjì yẹ̀. Sọ́fítíwíà tó ń to fọ́tò léra ni mo fi ń tún ìyẹn ṣe. Bí fíìmù bá sì mira láàárín ẹ̀ẹ̀mẹta náà, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Okùn ni mo fi ń tẹ ṣọ́tà, n kì í sì í rìn nínú yàrá nígbà tó bá ń yà.

Ṣé gbogbo fọ́tò ló yẹ fún wàhálà yìí? Rárá. Fọ́tò òde tí ewé àti ojú ọ̀run pọ̀ nínú rẹ̀, iná funfun àti pínpín ti tó o. Ibi tí mo ti ń lo iná mẹ́ta ni ibi tí ojú ènìyàn bá wà, nítorí awọ ara wa ni àwọ̀ tí àṣìṣe kékeré ti ń hàn jù. Awọ dúdú tó bá fi díẹ̀ ṣe bí ewé ń jọ ti aláìsàn, bó bá sì fi díẹ̀ pọ́n, ẹni náà ò jọ ara rẹ̀ mọ́.

Eruku

Rọ́bà tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ìbọ̀wọ́ òwú, àti sùúrù. Ẹ̀rọ skánà tó ní ìmọ́lẹ̀ infrared, ìyẹn èyí tó kọjá pupa tí ojú wa kì í rí, lè rí eruku fúnra rẹ̀, nítorí aró fíìmù aláwọ̀ kì í dá infrared dúró, eruku ló ń dá a dúró. Kámẹ́rà mi kò ní irú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń yọ àmì eruku lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ fíìmù. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, itọ́ bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ tí kò dán, níbi tí aró wà, àmì rẹ̀ ò sì lọ mọ́.

Ibi tí mo dé

Fíìmù mọ́kànlá ti wọ kọ̀ǹpútà nínú páálí ìyá mi. Nígbà tí mo dé fọ́tò tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ìwé, mo gbé ẹ̀dà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ìyá mi jẹ́ ewé lórí bébà. Nínú tèmi, ó wà láàárín ewé àti búlúù. Mo gbà pé èmi ni mo ṣìnà, mo sì padà lọ wọn ibi òfìfo lẹ́ẹ̀mejì. Iye rẹ̀ ò yí padà. Mo wá pe ìyá mi, mo bi wọ́n bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe rí, láìsọ ohun tí mo rí fún wọn.

"Kì í ṣe ewé, kì í ṣe búlúù," ni wọ́n wí. "Ọ̀dà ewé ò tó, bàbá rẹ ló da búlúù tó ṣẹ́ kù mọ́ ọn."

Fíìmù méjì ló kù tí n kò tíì mọ bí n ó ṣe ṣe wọ́n. Aró inú wọn ti ṣí láti inú wá, ibi òfìfo wọn sì ti yí padà, ó mọ́ níbì kan, ó pọ́n níbòmíràn. Pínpín kan ṣoṣo ò lè tún wọn ṣe, nítorí àléébù wọn kì í tún ṣe bíi gíláàsì kan náà mọ́. Mo ti ya ibi òfìfo tó wà láàárín fọ́tò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo fẹ́ wò ó bóyá iye tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀ láti orí fíìmù dé ìdí rẹ̀ lè bá wọn mu. Títí dìgbà náà, inú ọ̀rá tuntun ni wọ́n wà, nínú àpótí tó tutù tó sì gbẹ.